Civil Engineering: èló ni, ọdún mélòó ni, kí ló sì ń mú wálé?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Bísí, Adó-Èkìtì, dá mi dúró. Wọ́n mọ̀ mí láti kékeré. Ọmọ wọn ọkùnrin ti rí ìwé ìgbaniwọlé gbà láti ka Civil Engineering, inú gbogbo ilé sì ń dùn. Àmọ́ ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pé mílíọ̀nù mílíọ̀nù làwọn tó ka iṣẹ́ náà ń gbà lóṣù. Ẹlòmíì nínú ẹbí kan náà ní irọ́ ni, pé ọmọ àbúrò òun tó ka Civil ló ń gun ọ̀kadà kiri Ìkéré. Màmá wá bi mí pé: "Ọmọ mi, ìwọ tó o kà á, ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Torí ilẹ̀ bàbá wọn tó wà lọ́nà Ìfàkì la fẹ́ tà."

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ló mú mi jókòó. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí kálukú wọn dúró sí ló ti ń wò ó: ọ̀kan ń wo ẹni tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èkejì ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀. Ohun tí mo ṣàlàyé fún màmá ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé ilé wọn nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí.

Kí tilẹ̀ ni Civil Engineering?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń sanwó ohun tí wọn ò mọ̀. Civil Engineering ni ẹ̀kọ́ nípa bí ohun tí gbogbo ìlú jọ ń lò ṣe máa dúró tí kò ní wó: títì, afárá, ilé, gọ́tà, ìdídò omi. Títì tó lọ láti Adó sí Ìkéré, afárá olókè tó wà láàárín Adó, ìdídò omi tó wà ní Ìkún-Èkìtì, pápákọ̀ òfurufú wa, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Wọ́n máa ń da ẹnjiníà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé alájà méjì, awọnlẹ̀ ló máa wọn ilẹ̀. Akitẹ́ẹ̀tì ló máa yàwòrán ibi tí pálọ̀ àti yàrá máa wà. Ẹnjiníà ló máa sọ bí ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó, bí òpó ṣe máa nípọn tó, iye irin tó máa wà nínú rẹ̀, àti bóyá irin mílí 12 ni tàbí mílí 16. Bíríkìlà ló máa wá mọ ọ́n. Bí a bá fi wé ara ènìyàn, akitẹ́ẹ̀tì ló ni ojú àti awọ, ẹnjiníà ló ni egungun. Kò sẹ́ni tó ń yin egungun, àfi ọjọ́ tó bá kán. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ó pa ènìyàn tó lé ní 40.

Nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òfin kò fi gbà kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì máa fọwọ́ sí àwòrán ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n rò pé ọjọ́ tí ọmọ bá jáde ni owó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mélòó ló wà láàárín JAMB àti orúkọ ẹnjiníà?

Ẹni tó bá gba ẹnu JAMB wọlé, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì, ọdún márùn-ún ló máa lò ní fásitì. Ẹni tó bá gba direct entry wọlé, ìyẹn ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí bíi ND ti póli, máa lo mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni yóò sìnrú ìlú fún ọdún kan.

COREN ló kàn. Àjọ tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀ ni, òun ló ń darí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Bí ẹni tó kàwé òfin tán ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di lọ́yà kó tó lè dé orí àga adájọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ka Civil gbọ́dọ̀ lọ gba orúkọ lọ́wọ́ COREN kí òfin tó mọ̀ ọ́n ní ẹnjiníà. Kí wọ́n tó gbà á, yóò ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn dìgírì, yóò kọ ìròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe sílẹ̀, yóò sì jókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ tí wọ́n á bi í léèrè.

Márùn-ún àti mẹ́rin, ó di mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 18 tó bá wọlé lónìí máa tó ọmọ ọdún 27 kó tó gba ìwé àṣẹ náà, ìyẹn bí nǹkan kan kò bá dí i lọ́wọ́. Nǹkan sì máa ń dí i lọ́wọ́. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì ní 2020 bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, kò parí títí di oṣù kejìlá. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí méjèèjì bá nílé ìwé ti pàdánù ọdún kan ààbọ̀ nínú ayé rẹ̀ láìfìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan.

Mo máa ń fi kọnkéré ṣe àkàwé fún àwọn òbí. Kọnkéré tí ẹ dà láàárọ̀ yìí á ti gan tó bá fi di alẹ́, ọmọ kékeré lè rìn lórí rẹ̀ lọ́la. Àmọ́ ọjọ́ 28 là ń kà kí a tó sọ pé ó ti lágbára tí a fẹ́. Ẹni tó bá di ẹrù lé e lórí lọ́jọ́ kẹta ló máa ba nǹkan jẹ́, kọnkéré ò sì jẹ̀bi. Bí ọmọ tó ka Civil ṣe rí nìyẹn. Ilé tó bá ti ń retí pé kó máa gbọ́ bùkátà gbogbo àbúrò rẹ̀ lọ́dún tó jáde ń di ẹrù lé kọnkéré ọjọ́ mẹ́ta.

Póli ńkọ́?

ND ọdún méjì, ọdún kan ẹnu iṣẹ́, HND ọdún méjì. COREN máa forúkọ ẹni tó ní HND sílẹ̀, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí technologist ni, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ìyàtọ̀ HND àti dìgírì ṣì ń fa àríyànjiyàn dòní.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí òbí kankan l'Ékìtì máa fi ojú àbùkù wo póli. A ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọ̀mọ̀wé kó sí wa lórí débi pé ojú ń ti ọmọ tó wà ní Póli Àpapọ̀ Adó láti dárúkọ ilé ìwé rẹ̀. Àwọn tí mo rí tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ wọn gíga àti ìsàlẹ̀ títì, póli ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ọ̀nà kan sì wà tí àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn ń gbà: kí ọmọ gba ND pẹ̀lú èsì tó dára, kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó kó owó jọ, kó wá gba direct entry wọ fásitì. Ó ń pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kì í ta ilẹ̀.

Èló gan-an ni?

Owó ilé ìwé ń yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà n kò ní í dárúkọ iye kankan tí yóò di irọ́ tó bá fi di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn fásitì tó wà ní sàkáání wa nìyí: EKSU ti ìpínlẹ̀ ní Adó, tó ti wà láti 1982, FUOYE ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, tí ẹ̀ka ẹnjiníà rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, àti ABUAD, ti aládàáni, ní Adó, láti 2009. Owó ti aládàáni kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìjọba rárá, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀, kì í ṣe owó ilé ìwé nìkan. Ilé àti oúnjẹ wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lè gbé AutoCAD, ètò tí a fi ń yàwòrán, wà níbẹ̀, torí wàhálà ni èyí tí kò lágbára. Bọ́ọ̀dù àti ohun ìyàwòrán, ìrìnàjò lọ wo ibi iṣẹ́, owó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, èyí tí ọmọ á fi ra sìmẹ́ńtì àti òkúta, tí yóò sì sanwó yàrá àyẹ̀wò. Oṣù mẹ́fà IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níta ilé ìwé, náà ń ná owó, pàápàá bí ó bá jẹ́ Èkó tàbí Àbújá ni ó ti rí i. Bó bá ṣetán, owó ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àti ti COREN ṣì ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Iye tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe ti ilé ìwé kankan, àpẹẹrẹ ni. Ká ní ọmọ kan ń ná ₦600,000 lọ́dún, ilé ìwé àti oúnjẹ. Ọdún márùn-ún á jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Ká ní èkejì ń ná mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lọ́dún, tirẹ̀ á jẹ́ mílíọ̀nù 17 ààbọ̀. Àwọn méjèèjì jáde, wọ́n rí irú iṣẹ́ kan náà, ₦150,000 lóṣù. Ká ní wọ́n lè ya ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀, tó jẹ́ ₦900,000 lọ́dún. Ẹni àkọ́kọ́ á dá owó tí wọ́n ná lé e lórí padà láàárín ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Ẹnì kejì á lo ọdún tó lé ní 19.

Owó iṣẹ́ á máa pọ̀ sí i, nítorí náà kò ní í gùn tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ti rí ohun tí mo ń sọ. Agbanisíṣẹ́ tí mo mọ̀ kì í san owó púpọ̀ fún ọmọ nítorí pé ilé ìwé rẹ̀ wọ́n. Ohun tí ilé ìwé aládàáni ń tà fúnni lóòótọ́ ni àsìkò: wọn kì í yanṣẹ́ lódì, ọmọ tó bá wọlé fún ọdún márùn-ún ń jáde lọ́dún karùn-ún. Ẹni tí owó náà wà nílẹ̀ fún, tí kò ní í yá kọ́bọ̀, ìyẹn lè tó fún un. Ẹni tó máa ta ilẹ̀, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ń fúnni, ta ló wà fún?

NELFUND ni wọ́n ń pè é. Òfin rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe jáde ní 2024, wọ́n sì ṣí ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún náà. Ìjọba máa san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, kò ní í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, ó sì lè máa fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù láti fi jẹun. Kò ní èlé. Ẹni tó yá a kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, bó bá sì rí iṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á máa yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé ìjọba nìkan ló wà fún.

Mo rí àwọn òbí tí wọ́n ń sá fún un nítorí pé gbèsè ni. Gbèsè ni lóòótọ́. Àmọ́ gbèsè tí kò lélé, tí kò sì béèrè ilẹ̀ fún ìdúró, sàn ju owó tí ẹ yá lọ́wọ́ àwọn ayánilówó èlé tí ń fi ọjọ́ ìsanwó dẹ́rù bani lọ.

Owó wo ló wá ń wọlé?

Níbí ni àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fi owó àárín àwọn ẹnjiníà Civil wọn sí nǹkan bíi 96,000 dọ́là ní 2023. Owó àárín ni pé bí ẹ bá tò wọ́n láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, iye tí ẹni tó wà láàárín gan-an ń gbà nìyẹn. Ọdún kan gbáko ni, kì í ṣe oṣù. Ẹnì kan sọ ọ́ di náírà, ó gbé e sórí WhatsApp, ó sì gbàgbé láti sọ pé dọ́là náà ni wọ́n fi ń san owó ilé níbẹ̀. Kò sọ pé wọ́n tún ń ṣe ìdánwò méjì, tí ọdún mẹ́rin ẹnu iṣẹ́ sì máa ń wà láàárín wọn, kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ.

Nílé, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti 2024 ni ₦70,000, ti àgùnbánirọ̀ sì jẹ́ ₦77,000. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Civil tí mo mọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kékeré kò jìnnà sí iye yẹn lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀, bíríkìlà tí mo ń darí ń mú owó tó ju tèmi lọ lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ó dùn mí gan-an. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo wà lórí ìjókòó, owó ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ló ń gbà.

Ohun tó ń yí i padà ni ọdún kẹrin sí ìkẹwàá. Ẹni tó bá ti gba orúkọ COREN lè fọwọ́ sí àwòrán, ó lè máa dá gba iṣẹ́, àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń du iṣẹ́ ìjọba sì nílò orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn.

Ibi tí iṣẹ́ wà tún ṣe pàtàkì. L'Ékìtì, ìjọba ni ọ̀gá tó ń gbé iṣẹ́ jáde jù: ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde àti ìjọba ìbílẹ̀ 16. Bí wọ́n bá ń ṣe títì, ọwọ́ dí. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ á jókòó. Ilé tí àwọn ènìyàn ń kọ́ fúnra wọn pọ̀ o, àmọ́ bíríkìlà ni wọ́n ń pè, ẹnjiníà kì í débẹ̀. Ọmọ tó bá ní òun kò ní í kúrò ní Adó lẹ́yìn ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ti fi ọwọ́ ara òun dín iṣẹ́ tí òun lè rí kù. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà ní Ìkéré yẹn, mo bi màmá bóyá ó ti lọ wáṣẹ́ l'Ékòó rí. Wọ́n ní rárá, ìyá rẹ̀ ò fẹ́.

Kí ni IT, kí ló dé tí mo fi ń pariwo rẹ̀?

IT ni oṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún kẹrin. Láti 1973 ni ìjọba ti dá ètò náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lò ó nínú ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n kan, tí wọ́n ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á wá ní kí wọ́n bá àwọn kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ kún. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni màmá lè rántí nínú ọ̀rọ̀ mi, ibí yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n rántí.

Ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣe tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, oúnjẹ ni mo ń lọ rà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni bàbá kan tó ń rí sí àyẹ̀wò kọnkéré pè mí. Ó gbé kóònù irin kan kalẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ mílí 300. Ó ní kí n bu kọnkéré sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n fi irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25. Mo gún un tán, ó fa kóònù sókè jẹ́jẹ́. Kọnkéré náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó wò mí, ó ní: "Ìwọ ọmọ Èkìtì, bí wọ́n bá gbé iyán báyìí fún ọ, ṣé wàá jẹ ẹ́?" Mo ní rárá, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní, "Òun náà nìyẹn." Ó dìde, ó lọ gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lébìrà tó ń rọ omi sínú kọnkéré kó lè rọrùn fún un láti fi ṣọ́bìrì kó.

A da ìyókù sínú àpótí irin kéékèèké, mílí 150 lọ́nà gbogbo, a rì wọ́n sómi nígbà tí wọ́n gan. Lọ́jọ́ keje a fi ẹ̀rọ tẹ díẹ̀ fọ́, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n a tẹ ìyókù. Ti kọnkéré olómi yẹn fọ́ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó dé ibi tí a ń retí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kà nípa omi àti sìmẹ́ńtì kí ọjọ́ náà tó dé, mo sì ń gba máàkì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí níbi tí mo ti rí iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ ni pé kí ni máa ṣe bí mo bá dé sáìtì tí kọnkéré ń ṣàn. Mo dáhùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Kí ni mo wá sọ fún màmá?

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá COREN fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ Civil ní ilé ìwé tó gba ọmọ náà. Àjọ NUC ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ fásitì, NBTE ń fọwọ́ sí ti póli, àmọ́ ti COREN dá dúró. Bí kò bá sí i, ọmọ lè kàwé tán kó máa wá rí wàhálà níbi tó ti fẹ́ gba orúkọ. Ìbéèrè yìí ò gba kọ́bọ̀, àwọn tó ń bi í kò sì pọ̀.

Mo ní kí wọ́n má ta ilẹ̀. Ilé ìwé ìjọba ni, kí ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó, kí owó ẹ̀lùbọ́ máa gbé oúnjẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ná owó kankan kọjá ìyẹn, kí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà tó dára, kí wọ́n sì tọ́jú díẹ̀ de oṣù mẹ́fà IT, kó lè lọ síbi tí iṣẹ́ ńlá wà.

Wọ́n wá bi mí bóyá ọmọ náà lè ṣe é. Èmi ò mọ̀ ọ́n, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó pè mí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò béèrè owó oṣù. Ó ní ṣé òun lè tẹ̀ lé mi lọ sí sáìtì lọ́jọ́ Sátidé. Òpó mẹ́rin la fẹ́ da kọnkéré sí lọ́jọ́ náà. Mo ní kó dé kí agogo méje tó lù, kó sì wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀.